Òdo, Odò, Odó

Aago márùn-ún ìdájí, wọn ò tíì pe àsùbáà.
Oòrùn ti yọ gedegbe lọ́hùn-ún, nílùú àwọn baba rẹ̀;
níbí, Oníkan ṣì dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo fi fóònù ọmọ mi ti ife tíì,
mo jókòó lórí rólà tí mo ti ń tì láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
mò ń wo Jayesh.

Àwòrán ń rìn, ó ń dúró, ó ń rìn.
Ó fi pátákó kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kẹta dà?"
Torí ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń kàn án níbí,
lórí ẹní tí èmi fúnra mi fi ìṣó kàn mọ́lẹ̀,
nígbà tí kò tíì ga ju igi mẹ́ta tó ń ṣọ́ lọ.

Ọmọ oníṣòwò fáànù ni, ní Ìlúpéjú.
Jayesh ni baba rẹ̀ sọ ọ́;
àwa gé e kúrú, a ní Jayé,
a ò mọ̀ pé iṣẹ́ la gbé lé e lórí.
Òun náà sọ mí ní Bàbá Rólà.
"Bàbá Rólà, ẹ má bomi síbẹ̀ jù o,
bọ́ọ̀lù ń yọ́ lọ bí ejò."
Yorùbá ẹnu rẹ̀ yẹn, ti Muṣin ni,
ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ Sìkírá tó ń gbálẹ̀ ilé wọn;
èébú ló kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ìkíni.

Á gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri,
ó di ìdí àwọn ẹṣin funfun ẹnu géètì;
ẹṣin kankan kò ní mira.
Èmi ni mò ń lọ mú un wá. Mi ò bínú.
Ìgbà kan, ó fọ́ gíláàsì ọkọ̀ kọmíṣánnà…
ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tó pé mẹ́rìnlá, ìyá rẹ̀ mú un lọ sílé.
Ó ní ibí kò lè gbé e dé ibi tó ń lọ.
Òótọ́ ni. Ó dùn mí bí irọ́.

Wàyí o, ọdún mọ́kànlélógún, aṣọ funfun,
àmì orílẹ̀-èdè lórí àyà.
Ajubọ́ọ̀lù sáré bọ̀ bí ẹni pé Ọbaléndé ló ti gbéra,
ó jù ú.
Àwòrán dúró.
Nígbà tí yóò fi rìn, igi àárín ti nà gbọọrọ sílẹ̀.

Òdo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń lọ,
ìrìn yẹn gùn ju gbogbo eré tí kò rí sá.

Òdo.
Mo pè é jẹ́ẹ́, ahọ́n mi ṣì í gbé:
odò, omi tó ń gba abẹ́ afárá Èkó kọjá,
kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń sùn sí.
Mo tún un pè, ó di odó.
Ikùn odó á kọ́kọ́ ṣófo kí iṣu tó ráyè.

Wọ́n yọ ọ́. Ìka rẹ̀ dá.
Oṣù mọ́kànlá, orúkọ rẹ̀ ò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni
àfi Sìkírá, tó ń pè mí láti Muṣin
láti bi mí bóyá ọmọ náà ń jẹun.

Ìdájí òní ni wọ́n dá a padà.
Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, bọ́ọ̀lù kan ré kọjá, wọ́n hán an.
Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ń dárò: ó ṣe, kò pé ọgọ́rùn-ún.
Wọn ò gbọ́ bí àwa ṣe ń ka owó.
Ọgọ́rùn-ún ti wà nínú orúkọ náà,
ẹyọ mẹ́ta péré la yọ.

Ilẹ̀ mọ́. Ìrì bo koríko.
Muyíbà ọmọ Ọbaléndé ti dé, kò wọ bàtà,
pátákó tó gbé, ẹsẹ̀ tábìlì ni.
Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde lórí rólà yẹn,
ilẹ̀ ò tíì tẹ́jú."