Ìkòkò Tó Ń Jò

Ìṣàn-Èkìtì, aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn ti mú.
Mo gbé fóònù tuntun sórí àpótí,
mo fi kámẹ́rà kékeré kọ́ ẹ̀ka igi ọsàn,
mo di aago tí ń ka ìṣẹ́jú àáyá mú.
Wọ́n ní kí n wo ìka, kí n má wo ojú.
Ìka ni kí n kọ sílẹ̀: ibi tó bà, ibi tó ti tàsé,
bó ṣe pẹ́ tó kó tó rí ọ̀nà.

Ìka Yèyé Ìbíyẹmí rèé:
amọ̀ ti jẹ àwọn ìlà orí rẹ̀ tán,
ó gbẹ, ó dán bí òkúta odò.
Ó tẹ gíláàsì, gíláàsì dákẹ́.
Ó tún un tẹ̀, gíláàsì ò mira.
Mo kọ ọ́: ó tàsé. Ó tàsé. Ó tàsé.
Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó tún tẹ̀ ẹ́,
bí ẹni ń dán amọ̀ wò bóyá omi rẹ̀ pé.
"Amọ̀ á dáhùn," ló wí.
"Bí o bá fọwọ́ kàn án, á ní òun gbọ́.
Èyí ń wò mí bí àna tí mo jẹ lówó."

Mo nàka sí ìlà mẹ́ta tó wà ní igun òkè,
mo ní, kí ni yèyé rò pé ó wà níbẹ̀?
Ó sún mọ́ ọn, ó ń wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ sí.
"Ilà ìlú ibo rèé?"
Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìwé mi ò ní àyè fún ẹ̀rín.
Mo ní kó tẹ Ilé. Ó ní, "Ulé ta?
Ulé tí èéfín ń gba orí rẹ̀ jáde yìí,
ṣé uná kọ́ ló ń jó o?"
Ìyẹn náà, mo kọ ọ́.

Iṣẹ́ kẹrin: fi àwòrán kan pamọ́.
Ó yan Ìbíyẹmí, ọmọ rẹ̀ tó lọ ní ìdúnta,
tó dúró lẹ́bàá ẹbu, tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó yà á;
kò sí irú rẹ̀ mọ́ níbì kankan.
Nísàlẹ̀ gíláàsì, ìkòkò kékeré kan wà, ó ní ọmọrí.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fóònù, ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ.
Èmi náà mọ̀. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí n má sọ̀rọ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ ò tàsé lọ́tẹ̀ yìí.
Ó fa ọmọ rẹ̀ wọ inú ìkòkò,
ó rọra, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.
Ìkòkò ṣí, ìkòkò dé,
ojú gíláàsì ṣófo.

Ó ń retí kí ọmọrí ṣí.
Aago ń sáré lọ́wọ́ mi: ogún, ọgbọ̀n, ogójì.
"Mo ti tọ́jú rẹ̀," ló wí. "Níbo ni n óò ti mú un?"

Mo rú òfin. Mo gba fóònù,
mo wá inú àwọn ohun tí wọ́n ń dúró de ìparun,
ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún wọn,
mo fa Ìbíyẹmí jáde.
Mo ṣàlàyé pé ìkòkò yẹn, ààtàn ni.
Ó wò mí pẹ́.
"Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń mọ ìkòkò.
A kì í mọ ìkòkò kí nǹkan lè sọnù.
Èyí tó bá ń jò, fífọ́ la ń fọ́ ọ.
Ta ló mọ ti yín yìí?"
Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Lálẹ́, ní Adó, mo ṣí ìwé ìjábọ̀.
Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ kí n tó dé: Àṣìṣe olùlò.
Mo pa á rẹ́, mo kọ: Àṣìṣe ẹni tó mọ ọ́n.
Ọ̀gá mi pa tèmi náà rẹ́ láàárọ̀.
Ṣùgbọ́n fídíò wà: ìka kan tó dán,
tó rọra ń gbé ọmọ sínú ohun tó gbà pé ìkòkò ni.
Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà.
Kò tàsé.