Lẹ́tà Ara Ilé

Mo kan ilẹ̀kùn Idwal Prydderch ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀
ní Blaenau, níbi tí òjò kì í béèrè kó tó rọ̀,
níbi tí òkúta pẹlẹbẹ ti bo òrùlé, bo òkè, bo ibojì.
Ó ní, "Ìwọ lẹnì kejì tó máa wá sọ fún mi bí ilé mi ṣe ń mí."

Ẹni àkọ́kọ́ ti wá ní ọdún méje sẹ́yìn.
Ó mu tíì, ó fún ilé náà ní F, ó bá tirẹ̀ lọ.
F!
Baba pè é bí ẹni tí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ní òdo níléèwé.

Mo wọn gígùn, mo wọn ìbú, mo wọn gíga.
Mo ka fèrèsé: márùn-ún onígíláàsì méjì,
ọ̀kan ṣoṣo onígíláàsì kan,
èyí tí Morfudd ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n yọ
torí ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà wá bá a nídìí aṣọ rírán.
Mo kúnlẹ̀ síwájú bọ́ílà, mo ka nọ́ńbà ara rẹ̀.
Mo fi ìka kan ògiri: kó, kó.
Òkúta kì í jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ wa nìyí:
ohun tójú ò rí, tí ìwé ò jẹ́rìí sí,
kò sí.
Ọjọ́ orí ilé la ó fi dá a lẹ́jọ́.
Ilé àtijọ́? A ó gbà pé ìhòòhò ló wà,
bó tilẹ̀ wọ ẹ̀wù òwú mẹ́ta sábẹ́ òrùlé.

Ojú ihò òkè àjà ńkọ́?
Baba nawọ́. Ọ̀dà ti di ẹnu rẹ̀ pa.
Ẹni àkọ́kọ́ wò ó, ó wo ṣòkòtò ara rẹ̀ tó mọ́,
ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣeé dé.
Èmi fi ọ̀bẹ ìdáná là á yípo.
Eruku. Aláǹtakùn. Bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ kan.
Lẹ́yìn náà òwú, òwú, bí agbo àgùntàn tó sùn;
mo ti rúlà bọ̀ ọ́: sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ó kan ògiri ẹ̀yìn. Baba gbé agolo bísíkíìtì wá:
ìwé ìsìnkú, ìwé àbẹ́rẹ́ ajá,
àti bébà kan tí Morfudd kọ: *Wọ́n bo ògiri lónìí.
Wọ́n fọ́ ife mi kan.*
Ìkọ̀wé ìyàwó ẹni kì í ṣe ẹ̀rí.
Ṣùgbọ́n ó fi píìnì so rìsíìtì mọ́ ọn lẹ́yìn.

Bí F ṣe di D nìyẹn.
Òkúta kan ò kúrò láyè rẹ̀, òtútù ò ka ìwé.
Ohun tí a rí ló yí padà,
àti ìṣírò inú ẹ̀rọ, tí òun náà ti pààrọ̀ ẹ̀wù láti ọdún méje.

"D yìí," Baba ní, "ṣó mọ̀ pé ìdáná nìkan ni mò ń gbé,
pẹ̀lú kóòtù méjì?"
Kò mọ̀ ọ́n, Baba. Kò mọ Heulwen tí ẹ jọ pín ògiri,
tó gba C, tó ń ṣí fèrèsé fún ológbò,
tí owó gáàsì rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta ju tiyín.
Ìdílé kan tí kò sí ni ẹ̀rọ fi sínú gbogbo ilé:
wọ́n ń wẹ̀ lásìkò, wọ́n ń mú pálọ̀ gbóná dé ìwọ̀n mọ́kànlélógún,
wọn kì í ṣàìsàn, wọn kì í ṣahun.

Ó rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ kó tó dákẹ́.
"Bá mi kí wọn.
Ní kí wọ́n má dáná yàrá òkè.
Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́."

Nínú ọkọ̀ mi, mo tún ìṣírò náà ṣe.
Máàkì kan ló kù kó di C.
Fèrèsé yẹn ni.
Ìwé yóò sọ fún un bó bá dé.
Èmi ò padà lọ kan ilẹ̀kùn.