Agolo Omi Lábẹ́ Ẹyin

Ọ̀kadà ló pa ìyá wọn níwájú ilé wa n'Íkọ̀lé,
lọ́jọ́ kẹrin tó ti ń sàba.
Mọ́kànlá ni mo kó nínú koríko gbígbẹ,
wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kúlà tí ìyàwó mi fi ń ta omi tútù nígbà kan
ni mo lu ihò mẹ́rin sí lára,
mo fi gíláàsì kékeré ṣe fèrèsé rẹ̀,
mo gbé gílóòbù kan kọ́ sínú,
agolo sadíìnì tó kún fómi wà lábẹ́ àwọ̀n.
Ulé ni mo pè é, bí ìyá mi ti ń pe ilé.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí.
Ooru ni mo ń ṣọ́ nígbà náà, n ò ṣọ́ ọ̀rinrin.
Ọyẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀nà Ọ̀mùò,
ó la ètè, ó la pátákó ilẹ̀kùn,
ó gba ihò mẹ́rin náà wọlé, ó mu omi inú ẹyin.
Lọ́jọ́ karùndínlógójì mo fọ́ èèpo wò:
ọmọ ti pé, ìyẹ́ ti pé, èékánná ti pé,
awọ funfun inú ẹyin lẹ̀ mọ́ ọn lára
bí ewé ti ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ àná.
Kò ráyè yí orí.
Mo sin wọ́n sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, n ò sọ fẹ́nì kan.

Lọ́tẹ̀ yìí mo ra aago kékeré kan l'Ádó
tó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́.
Òpùrọ́ ni.
Láàárọ̀, àádọ́ta; lọ́sàn-án, ọgbọ̀n;
bí òjò bá ṣú lálẹ́, á fò sókè láìbèèrè.
Mo pa á tì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sídìí ẹyin
ní gbogbo òru Sátidé,
mo fi pẹ́ńsù fa ìlà yí àyè afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ká.
Àyè náà ń tóbi jù? Mo gbé agolo kejì sí i.
Kò tóbi tó? Mo yọ ọ́ kúrò,
torí omi tó ń gbọmọ là
lè rì í mọ́nú ilé rẹ̀.

Ọlátóun, aya ọmọ mi, wá láti Àkúrẹ́ lóṣù náà,
ó wá sinmi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọsibítù.
Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmọ́ mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lóru.
Mo yọjú, mo rí i tó lóṣòó níwájú kúlà,
tó ń ti ìka bọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́,
tó ń wọ́n ọn sórí ẹyin, lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ìyá pẹ́pẹ́yẹ tó ti odò dé
tó fi àyà tútù jókòó.
Ta ló kọ́ ọ? N ò bèèrè.
Lóru tí wọ́n mú iná lọ,
ó yọ ṣọ́ọ̀lì ọmọ tuntun kan nínú báàgì,
ìwé iye owó ṣì wà lára rẹ̀,
ó fi bo kúlà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kejìlélọ́gbọ̀n, mo ṣíwọ́ yíyí wọn.
Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn tó mumi yó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo,
mo fi okùn di ìdérí: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i.
Omi sẹ̀ bí ìrì sára gíláàsì, a ò ríran mọ́,
etí nìkan ló kù fún wa.
Ọ̀kan ké nínú èèpo. Òmíràn dá a lóhùn.
Ihò àkọ́kọ́ yọ, kò ju ojú abẹ́rẹ́,
lẹ́yìn náà, òdindi ọjọ́ kan,
kẹ́kẹ́ pa.
Ọwọ́ mi ti kan okùn.
"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀," Ọlátóun ló wí.
"Tẹ́ ẹ bá ṣí i, á gbẹ."

Mẹ́jọ jáde. Ẹsẹ̀ ọ̀kan wọ́.
Mẹ́ta ò ké rárá; ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni,
ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ló di ọkọ́ mú.

Láàárọ̀ yìí mo fẹ́ palẹ̀ kúlà mọ́.
Kò sẹ́yin kankan níbẹ̀ mọ́.
Agolo sadíìnì ti dípẹtà,
omi kún un dé ẹnu.
Mo ti ìka bọ̀ ọ́.
Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.