Ìwọ̀n Eruku

Aago mẹ́fà ààbọ̀, kí oòrùn tó yọ lórí òkè Màpó,
mo ti wọn bébà asẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó fúyẹ́ ju ìyẹ́ ológoṣẹ́ lọ.
Mi ò mí nígbà tí mo ń wọ̀n ọ́n:
èémí lásán a máa ṣi òṣùwọ̀n lọ́nà.

Tìámíyù ni mo gbé ẹ̀rọ kọ́, ní kúárì lọ́nà Ìdí-Ayùnrẹ́.
Pọ́ǹpù nínú ìgbànú, rọ́bà gba ẹ̀yìn,
asẹ́ lẹ́bàá imú, níbi kọ́là.
Ó ní, “Ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi lẹ fẹ́ fà, àǹtí?”
Mo ní, “Ohun tí ò ń mí símú ni. Má bọ́ ọ.”

Ọ̀gá kúárì ti gbọ́ pé mò ń bọ̀.
Táńkà omi méjì ló gbé wá, ó bomi rin ilẹ̀ gbingbin.
Òkúta tó ti ń fọn eruku láti èṣí
jókòó jẹ́ẹ́ bí ìyàwó tuntun lójú àna.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: eruku kéré.
Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: omi pọ̀.

Ní Sátidé, mo padà lọ láìránṣẹ́ ṣíwájú.
Bébà funfun di aláwọ̀ eérú.
Mo nu gíláàsì ojú mi,
mo tún òǹkà náà kà.

Bàbá mi, Òjélàbí, wa èédú ní Ẹnúgu,
ọdún mọ́kànlá lábẹ́ ilẹ̀, fìtílà lórí.
Kò sẹ́ni tó so nǹkan kan mọ́ ọn ní kọ́là.
Nígbà tó darí wálé, agolo mílíìkì ló ń tutọ́ sí,
iyanrìn nísàlẹ̀, itọ́ dúdú lókè,
ìyá mi á bò ó kí àlejò má baà rí i.
“Òtútù ni,” ni wọ́n ń wí.
Òtútù! Nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà!
Bó bá sùn, àyà rẹ̀ a máa dún
bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ, láìsí omi.
Èmi ni mò ń ka ikọ́ rẹ̀ lóru,
kí n tó mọ̀ pé kíkà máa dìṣẹ́ mi.

Wọ́n ní erùpẹ̀ la ti wá, erùpẹ̀ la ó padà sí.
Mo gbà.
Ṣùgbọ́n ta ló ní kó gba imú wọlé
kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀?

Lálẹ́, Tìámíyù pè mí.
“Àǹtí, èló ló wọ̀n?”
Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́,
ó wúkọ́,
láìmọ̀, mo ti ń kà: ení,
èjì