Ẹ̀rọ Tí Kò Mú Díìsì Rẹ̀ Wá

Ó fi àǹkárá àlòkù wé e bí ọmọ tuntun,
ó gbé e lé itan lórí ọ̀kadà láti Sábó wá sí Tákìé,
Ìyá Oyèlówò, kò jẹ́ kí eruku ojú títì fọwọ́ bà á.
"Kò jí mọ́," ló wí.
"Ó kàn ń lajú búlúù sí mi, òyìnbó ló ń sọ."

"Díìsì tí wọ́n fi ń gbé e dìde ńkọ́?"
Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n béèrè ìwé ìbí ìyá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ìbàdàn lọkọ òun ti rà á,
lọ́wọ́ ẹni tó rà á lẹ́nu kọ̀nténà.
Ta ni yóò wá bi kọ̀nténà léèrè díìsì?

Bó bá ṣe ti ọ̀gá mi Múfútàù ni,
"Pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká kọ tuntun lé e" ni ì bá wí,
Múfútàù tó fi díìsì kan ṣoṣo wo ìdajì Ògbómọ̀ṣọ́ sàn,
díìsì ayédèrú, ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ìlà bí àtẹ́lẹwọ́ olóko.
Ṣùgbọ́n obìnrin yìí di ọwọ́ mi mú:
"Baba Oyèlówò ń kọ ìtàn agboolé wa sínú rẹ̀
lálaalẹ́, títí di alẹ́ tó sùn tí kò jí.
Má pa á rẹ́ o. Má pa á rẹ́."

Mo tú u. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀, mo bá mẹ́ta.
Aáyán kan sá jáde, òkú èkejì wà lẹ́sẹ̀ fáànù.
Eruku tiwa, pupa, wà lókè,
ti ìlú tó ti wá, eléérú, wà nísàlẹ̀,
mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá méjèèjì pọ̀.
Mo fi ìrésà ọmọ iléèwé nu eyín wúrà ráàmù rẹ̀.
Mo tàn án.
Ojú búlúù.

Ni wọ́n bá múná lọ.
Télọ̀ ìtòsí mi ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú òkùnkùn,
ẹ̀rọ tó dàgbà ju àwa méjèèjì lọ,
tí kò béèrè díìsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.
Mo jowú rẹ̀ díẹ̀.

Iná dé lẹ́yìn ìrun alẹ́.
Mo ń tẹ bọ́tìnnì tí n kò tẹ̀ rí, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan,
àfi gbàgà! ìyàrá kan ṣí nínú ikùn ẹ̀rọ:
oògùn tí mo ń wá kiri, abẹ́ ahọ́n aláìsàn ló wà.
"Ṣé kí n padà sí ọjọ́ tí wọ́n bí mi?"
Rárá o. Ìyẹn á gbé Baba Oyèlówò lọ lẹ́ẹ̀kejì.
"Àbí kí n kàn tún ibi tó bàjẹ́ ṣe?"
Ẹ̀hẹ́n.

Ó ní kí n kọ́kọ́ dárúkọ òun,
lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí bébà ìhà rẹ̀
tí ọwọ́ ènìyàn ti nù dànù.
Mo dá tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ tì í.
Ṣé B nìyí àbí 8? Ṣé G ni, àbí 6 tó wú?
Mo tẹ B. Ó kọ̀. Mo tẹ 8. Ó kọ̀.
Mo dá B padà, mo sọ G di 6,
mo dìde, mo lọ ra omi tútù mu.

Nígbà tí mo dé, àwòrán ilé kan ń wò mí,
yìnyín lórí òrùlé, ajá funfun lẹ́nu ọ̀nà.
"Baba kò jẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n," ni ìyàwó wí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.
"Ó ní àwọn ló ṣáájú wa débẹ̀."

Mo ṣí ìwé náà fún un. Ó fa jígí ojú rẹ̀ wálẹ̀.
Ojú ewé mọ́kànlélógójì, ìlà tó gbẹ̀yìn kò lópin:
"Ìyá wa àgbà tó gbin mọ́ńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni à ń pè ní"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ibi tó ń lọ.
"Ó bi mí ní orúkọ yẹn lóru ọjọ́ náà.
Mo ní kó jẹ́ kí n sùn."

Ó wá na ìka kan,
ó ń wá lẹ́tà àkọ́kọ́.