Ọjọ́ Tí Kò Ní Ọ̀gànjọ́

Mo tì í.
Ó ṣí i.
Mo tún tì í, mo kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé:
"Lórí ẹ̀rọ tèmi, kò sóhun tó ṣe é."

Oṣù Kẹsàn-án ni, ewé igi ti ń pọ́n l'Oulu.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé,
mo ti fọ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kúrò lọ́wọ́.
Kò sẹ́ni tó ń sanwó ètò yìí fún mi,
ètò tó ń sọ ìgbà tí òkun yóò kún, ìgbà tí yóò fà.
Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi oorun mi bọ́ ọ.

Ẹjọ́ méjìlélógójì ló wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ọ̀kan ń bú mi,
ọ̀kan kàn kọ "Kò ṣiṣẹ́," ó bá tiẹ̀ lọ.
Tirẹ̀ wà láàárín wọn,
Ercira Nahuelquín, láti Quemchi, ní erékùṣù Chiloé:
"Ẹ jọ̀ọ́, ètò yín ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ kò sí."

Mo rẹ́rìn-ín.
Ta ló gbọ́ ọ rí pé Àìkú kú?
Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta: Àìkú ń bẹ láàyè,
ó jókòó láàárín Àbámẹ́ta àti Ajé bó ti yẹ.
Mo tì í.

Ó ṣí i. Kò bú mi. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.
Ó ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́:
Àbámẹ́ta, àlàfo funfun bí ẹnu akáyín, Ajé.
"Nígbà tí omi bá fà la máa ń lọ ṣa ìṣáwùrú.
Ìwé tí mo tẹ̀ jáde látinú ètò yín ni ìyá mi ń wò.
Ẹni ọgọ́rin ọdún kì í sáré bómi bá ń padà bọ̀."

Mo dá a lóhùn bí adájọ́ tí ebi ń pa:
"Ẹ tún ẹ̀rọ yín ṣe."
Mo tì í, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i,
kí ẹnikẹ́ni má lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pè é.
Èmi tí mo jẹ́ olùjẹ́jọ́, tí mo tún jẹ́ adájọ́,
tí mo tún di kọ́kọ́rọ́ mú,
kí ni kí wọ́n pè mí?

Lieselot, tí a jọ ń ṣe ètò náà, kọ̀wé sí mi láti Gent.
Kò dá mi lẹ́bi. Ìbéèrè kan ló bi mí:
"Tauno, agogo ta lo fi dán an wò?"

Agogo tèmi ni. Agogo Oulu.
Mo yí i sí agogo Chile, mo tún dán an wò.
Àìkú kú lójú mi.

Ní ilẹ̀ wọn, bí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀,
wọ́n máa ń ti agogo síwájú:
ó ku ìṣẹ́jú kan kí méjìlá òru lù,
lẹ́yìn náà, agogo kan.
Wọ́n fo ọ̀gànjọ́ bí ẹni fo kòtò.
Èmi sì ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́
pé ọ̀gànjọ́ ni ẹnu ọ̀nà ọjọ́,
ọjọ́ tí kò bá gba ibẹ̀ wọlé, kì í ṣe ọjọ́.

Ìlà kan péré ni mo yí padà.
Ìtìjú rẹ̀ gùn ju ìlà náà lọ.

Mo ṣílẹ̀kùn. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ foríjì mí.
Ṣé omi ò tí ì..."
Mo pa ìyẹn rẹ́. "Ṣé àlàáfíà ni ìyá wà?"

Ọjọ́ mẹ́rin, kò sí èsì.
Mo ń ka ìmí àwọn aláìsàn,
mo ń ka wákàtí Chile mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ karùn-ún: "Ó ti dára báyìí. Ẹ ṣé.
Ìyá mi ní òun kò fìgbà kan gba ìwé yẹn gbọ́ ju ẹsẹ̀ òun lọ.
Ó ku nǹkan kan: àmì tó wà lórí orúkọ mi,
ètò yín ń sọ ọ́ di àmì ìbéèrè."

Mo wò ó. Àmì náà wà níbẹ̀, ó dúró ṣánṣán.
Mo kọ ọ́ pé: "Lórí ẹ̀rọ tèmi..."
Mo pa á rẹ́.
Mo kọ ọ́ pé:
"Ẹ fi bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín hàn mí."