Ẹ̀dọ̀ Lórí Òróòro

Aago márùn-ún kò tíì lù ní ilé ìpẹran Kàrú.
Iná ti lọ. Mo fi eyín há fóònù mi
kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè bọ́ sórí ẹ̀dọ̀ tí Tánímù gbé síwájú mi.
Ó wúwo. Oru ṣì ń yọ lára rẹ̀ sínú ọyẹ́.
Mo fà á lọ́bẹ:
ó dún bí ẹni ń gé yanrìn.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Wọ́n jáde.

Pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ, bí ewé tí ẹnìkan já nínú òkùnkùn,
ewé tí kò ní igi,
wọ́n ń ká etí kò bí ìwé tí omi kàn.

Tánímù ti rí ojú mi.
"Màláma, gé ibi tó bàjẹ́, kí o fi ìyókù sílẹ̀ fún mi.
Ẹ̀yin náà lẹ ń sọ ọ́: fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro."
Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́; ó gbọ́ èdè mi
ju àwọn ọmọ tí mo bí sí Nyanya lọ.

Tánímù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbé,
láàárín ẹ̀dọ̀ àti òróòro,
nínú ọ̀nà tóóró tí ọ̀rọ̀ àgbà kò dé.
Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ rò pé ibẹ̀ tutù ni.

Mo da aró lé e lórí. Ó pòṣé.

Ohun tí n kò sọ fún un ni Búúbà,
ọmọ Gìdádò, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
tó ń da màlúù létí odò Usuma,
tó ń fi ọwọ́ di ìhà ọ̀tún mú
bí ẹni tó fi owó pamọ́ síbẹ̀.
Wọ́n ní ibà ni. Ó lo ti ibà.
Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ó lo tìyẹn náà, ó tún gbẹ sí i.
Ìyá àgbà ní nǹkan kan ń jẹ ọmọ náà láti inú wá.
Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló sún mọ́ ọn.

Gìdádò mú un wá bá mi: ṣebí èmi ni mo ń wo ẹ̀dọ̀.
Mo ní ti ẹran ni.
Ó ní, "Ṣé tèèyàn yàtọ̀ ni?"

Mo bi ọmọ náà, kí lo ń jẹ lẹ́bàá odò?
Ó rẹ́rìn-ín. Ewé ni, ewé tútù ẹnu omi,
tí òun àti Oole, ọmọ màlúù rẹ̀, jọ máa ń já jẹ.
Ó ní ó máa ń ta díẹ̀ lẹ́nu.
Ìṣáwùrú ńkọ́? Ó pọ̀. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n fún mi:
kò tó èékánná.

Ìṣáwùrú onípẹ̀lẹ́, ìwọ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà,
ní Àbújá yìí tí ilé wọ́n bí ojú,
ta ló mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ti ń gba yàrá?

Ní Gwagwalada wọ́n rí ẹyin nínú ìgbẹ́ rẹ̀.
Wọ́n kọ orúkọ oògùn sí pépà.
Baba gbé pépà yẹn dé Zuba, dé Kubwa, dé Wuse,
títí etí rẹ̀ fi ya.
Kò sí.
Ti màlúù ló wà, ike lítà kan,
àwòrán màlúù tó sanra lára rẹ̀.
Ó gbé ike náà dání, ó ń wò mí.
Mo ṣí ẹnu: "Gìdádò, fi ẹ̀dọ̀..."
Mo gbé ìyókù mì.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí oògùn tó ti Kano dé,
hóró mẹ́rin péré nínú àpòòwé.
Búúbà gbà á, kò tíì jù ú sẹ́nu.
"Oole ńkọ́? Ṣé ó ti lo tirẹ̀?"

Ilẹ̀ ti mọ́ ní Kàrú.
Tánímù ń fi omi fọ ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran kúrò nílẹ̀.
Omi náà wọ gọ́tà, ó ń lọ.
Kò bi ẹnikẹ́ni ní ọ̀nà odò.